Jíà Akáyín àti Ṣéènì Tuntun Tó Dẹ̀

Aránṣọ ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹni tó ń wá ọ̀gá mẹkáníìkì má bàa jókòó tì mí lásán. Mọ́tò àtijọ́ kan ṣoṣo ni mo ní, ti bàbá mi ni kó tó di tèmi. Ọdún 1973 ni wọ́n ṣe é, ẹ́ńjìnnì V8 lítà 5.7 ló sì wà nínú rẹ̀, irú èyí tí kámúṣáfù rẹ̀ (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, ìyẹn ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti èéfín; kámù là ń pè é ní kúkúrú) wà láàárín búlọ́ọ̀kù, tó ń fi ọ̀pá gbọọrọ ti fáàfù lókè. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é. Ẹni tó bá mọ irú ẹ́ńjìnnì náà yóò ti dá a mọ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì.

Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ fún mi ni pé tí mo bá ń tún un tò, orí písítìn, ríìngì àti kàbùrétọ̀ ni kí n gbájú mọ́. Mo gbà wọ́n gbọ́ nígbà yẹn. Ní báyìí, tí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ sọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kalẹ̀, iwájú ni mo kọ́kọ́ ń bi í léèrè, lẹ́yìn ìdérí kékeré yẹn, níbi tí jíà méjì àti ṣéènì kan tó so kámù mọ́ kiráńkì, ọ̀pá ìsàlẹ̀ tí písítìn ń yí, fara pa mọ́ sí.

Ìwà ọ̀lẹ ló fi bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò tó máa ń gbéra bí ẹni tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún wá ń lọ́ra. Láàárọ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó jí. Nígbà tí mo tan iná táímìn sí i (iná tó ń ṣẹ́jú, tá a fi ń wo bóyá púlọ́ọ̀gì ń gba iná lásìkò), àmì ara púlì iwájú kiráńkì tó yẹ kó dúró sójú kan ń gbọ̀n síwá sẹ́yìn bí ọwọ́ arúgbó. Mo ní dísítíríbútọ̀, ohun tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, ló ti jẹ. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ọwọ́ arúgbó náà ò dáwọ́ dúró. Nígbà tó yá, géèjì ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tí mo sì dúró lójú kan. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ kò-kò-kò láti ìsàlẹ̀, mo sì pa á lójú ẹsẹ̀. Ó ti pẹ́ jù.

Nígbà tá a já páànù ọ́ìlì sílẹ̀, mo rí àwọn nǹkan pélébé-pélébé kan nínú ẹrẹ̀ dúdú tó wà nídìí rẹ̀, àwọ̀ wọn dà bí oyin tó ti ṣú. Mo kọ́kọ́ rò pé bọ́tìnnì ni. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń gbé láàárín bọ́tìnnì, òun lojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ rí. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì tó fọ́ sí méjì ni wọ́n jọ gan-an: ẹ̀gbẹ́ kan rí rọ́bọ́tọ́, ẹ̀gbẹ́ kejì rí ṣákaṣàka. Mo fi èékánná tẹ ọ̀kan, ó ṣẹ́ bíi bisikíìtì. Àwọn tó kù há sẹ́nu asẹ́ páǹpù ọ́ìlì, wọ́n sì ti dí i débi pé ìka mi méjì lè bo gbogbo ojú asẹ́ tó ṣẹ́ kù.

“Ìyá Aránṣọ, eyín nìyí,” ni Bàbá wí.

Kì í ṣe bàbá tó bí mi o; Bàbá yìí ló ni ẹ̀rọ léèdì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin, tí mo gbé ẹ́ńjìnnì náà lọ. Ẹni tó máa ń bá mi ṣàwàdà ni, àmọ́ kò ṣàwàdà lọ́jọ́ yẹn. Ó ṣí ìdérí iwájú, a sì rí akáyín náà fúnra rẹ̀. Àlùmíníọ̀mù ni ara jíà kámù, náílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi bo eyín rẹ̀, mo sì ka ojú mọ́kànlá tí náílọ́ọ̀nù ti kúrò. Ṣéènì wá ń gun orí àlùmíníọ̀mù lásán bí ẹni ń gun àkàbà tí ìdajì igi rẹ̀ ti já.

Inú bí mi. Ta ló ń fi náílọ́ọ̀nù ṣe eyín inú ẹ́ńjìnnì? Nígbà tí inú mi rọ̀ ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwà wèrè. Láti àárín àwọn ọdún 1960 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mọ́tò ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bẹ́ẹ̀ nígbà náà, torí pé ẹni tó ń ra mọ́tò tuntun kì í fẹ́ gbọ́ ariwo. Náílọ́ọ̀nù àti ṣéènì pẹlẹbẹ aláwẹ́-awẹ́ kì í pariwo rárá. Ọ́ìlì gbígbóná ni ọ̀tá rẹ̀. Kó gbóná, kó tutù, kó gbóná, kó tutù fún ọgbọ̀n ọdún, náílọ́ọ̀nù á gbẹ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ẹni tó ṣe é ò rò pé mọ́tò náà á ṣì wà lójú pópó títí di àkókò tá a wà yìí. Àwa tá a ṣì ń wà á la wá gbọ́dọ̀ ronú ohun tí òun ò rò.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ ọwọ́ mi ṣàlàyé ohun tí táímìn jẹ́, torí ibẹ̀ lèmi fúnra mi ti lóye rẹ̀. Nínú ẹ̀rọ ìránṣọ, abẹ́rẹ́ á sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, á wá gòkè padà bíi mìlímítà 2. Òwú á yọ ikùn díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ìkọ́ ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá, kó mú ikùn òwú náà. Tí ìkọ́ bá yá jù tàbí tó pẹ́ jù díẹ̀, ojú rírán á máa fò, tàbí kí abẹ́rẹ́ gbá ìkọ́ kó sì kán. Bí kámù àti kiráńkì ṣe rí nìyẹn. Kiráńkì á yí lẹ́ẹ̀mejì, kámù á yí lẹ́ẹ̀kan, torí ìlọ́po méjì ni eyín jíà kámù fi ju ti kiráńkì lọ. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 3000 ní ìṣẹ́jú kan, fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí nígbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fáàfù mẹ́rìndínlógún ló wà nínú tèmi. Ìyẹn jẹ́ ṣíṣí 400 láàárín ìgbà tí èèyàn fi sọ pé “ẹ káàárọ̀”, ṣéènì kan ṣoṣo ló sì ń fa gbogbo rẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń ní ṣéènì “fà”. Irin rẹ̀ kì í fà bí rọ́bà. Àwọn píìnì kéékèèké tó so ó pọ̀ ló ń jẹ. Ká ní ṣéènì kan ní píìnì 60, kí ìkọ̀ọ̀kan wọn wá jẹ ní ìwọ̀n mìlímítà 0.03 péré, èyí tí ojú lásán ò lè rí, gbogbo ṣéènì náà á fi mìlímítà 1.8 gùn sí i. Kámù á wá máa pẹ́ lẹ́yìn kiráńkì. Ìwà ọ̀lẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, òun náà ló sì ń gbọn àmì ara púlì, torí kámù ló ń yí dísítíríbútọ̀. Ká ní mo gbọ́n nígbà yẹn, ǹ bá ti mọ̀ láì ṣí ohunkóhun: ẹ ṣí ìdérí dísítíríbútọ̀, ẹ fi sípánà yí kiráńkì síwájú díẹ̀, kí ẹ wá dá a padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo rótọ̀, apá kékeré tó ń yí nínú rẹ̀. Iye dìgíríì tí kiráńkì yí kí rótọ̀ tó mira ni ìdẹ̀ra tó wà nínú ṣéènì yín. Tó bá ti ń lọ sí dìgíríì mẹ́wàá, ẹ má wulẹ̀ ra dísítíríbútọ̀ bíi tèmi.

Mo wá fẹ́ ra ohun tó máa pẹ́. Ìránṣẹ́ ìbẹ̀rù ni mí lásìkò yẹn. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ “alágbára” sí lára ni mò ń nawọ́ sí. Ẹnì kan ní kí n yọ ṣéènì kúrò pátápátá, kí n lo jíà tó ń fi eyín kan eyín. Ó dára, kì í fà, kò sì lè fo eyín. Àmọ́ ó ń han bí ẹ̀rọ ọlọ̀, gbogbo gbígbọ̀n tí kiráńkì bá sì gbọ̀n ló ń gbé lọ tààrà fún kámù àti dísítíríbútọ̀. Ṣéènì máa ń gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ mì. Ẹlòmíì ní bẹ́líìtì ló dáa, irú èyí tí wọ́n ń gbé síta ìdérí, tí ọ́ìlì ò kàn. Àwọn tó ń fi mọ́tò díje fẹ́ràn rẹ̀, torí wọ́n lè yí táímìn padà láì já nǹkan kan. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni díje. Rọ́bà sì ń gbó bí mọ́tò ò tilẹ̀ rìn. Ṣéènì ni mo padà sí.

Mo kó ìdì mẹ́ta wálé láti yẹ̀ wò, mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo sì tò wọ́n síbẹ̀. Àkọ́kọ́ jọ ti àtijọ́, ṣéènì pẹlẹbẹ kan náà, àmọ́ irin ni gbogbo jíà rẹ̀. Kò sóhun tó ṣe é. Ẹni tí kò fẹ́ ariwo tí kì í sì í tẹ ẹ́ńjìnnì lórí lè lò ó, kó sì sùn dáadáa. Méjì tó kù jẹ́ onílà méjì, ìyẹn ni pé ẹsẹ ṣéènì méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí àwọn méjèèjì pé oníróólà ni wọ́n. Ọ̀kan ń dán yànran bí ẹ̀gbà ọrùn ìyàwó tuntun. Èkejì dúdú, kò ní ẹwà rárá.

Bàbá ò wo àwọ̀. Ó gbé èyí tó ń dán, ó fi èékánná àtàǹpàkò ti róólà kan. Kò yí. Ó ti òmíràn. Kò yí. “Róólà dà níbí?” ló bi mí. Òrùka lásán ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ há sáàárín irin pẹlẹbẹ méjì, tó fi jẹ́ pé ojú kan náà lá máa fi ha eyín jíà títí láé. Ó gbé e sún mọ́ fèrèsé, ó sì fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan hàn mí lára òrùka kọ̀ọ̀kan: irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ká bí ẹní, tí etí méjèèjì wá pàdé. Aránṣọ ni mí, mo mọ ohun tí ojú rírán jẹ́. Ibẹ̀ laṣọ ti ń kọ́kọ́ ya. Nígbà tó kan dúdú aláìlẹ́wà, róólà rẹ̀ ń yí kiri lábẹ́ èékánná bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, mo wá ojú rírán títí lára rẹ̀, mi ò rí.

Lẹ́yìn náà ló mú fáìlì kékeré kan, ó fi fa ẹ̀gbẹ́ eyín jíà, kì í ṣe ojú ibi tí ṣéènì ń jókòó o, ẹ̀gbẹ́ ni. Lára jíà onídíndán, fáìlì bu irin jẹ, eruku fàdákà sì jábọ́ sórí aṣọ funfun mi. Lára èkejì, ó ń yọ̀ bí ẹni ń fi fáìlì fa gíláàsì. Wọ́n ti fi iná mú eyín yẹn le. Ọ̀rọ̀ parí. Mo dá ìdì méjì padà, mo mú dúdú.

Mo rò pé mo ti ṣe tán. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ ṣàṣìṣe tó burú jù.

Nígbà tí asẹ́ dí, ọ́ìlì ò dé ibi tó yẹ kó dé, bẹ́árìn kan, irin tí kiráńkì ń yí nínú rẹ̀, sì yí nínú ilé tirẹ̀, ó ba ilé náà jẹ́. Bàbá ní láti gé díẹ̀ kúrò lára ìdérí àwọn bẹ́árìn, kó sì tún gbogbo ilé wọn gbẹ́ ní ìlà kan. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, kò sí àléébù níbẹ̀. Ìgbà tí mo gbé kiráńkì wọlé, tí mo de ṣéènì tuntun mi mọ́ ọn, mo fi ìka tì í láti ẹ̀gbẹ́. Ó rọ̀ wọlé, ó rọ̀ jáde. Ṣéènì tí kò tíì rí ọ́ìlì rí láyé rẹ̀ ń jó bí okùn aṣọ sísá.

Mo ní, “Bàbá, ẹ wá wò ó o, ayédèrú ni wọ́n tà fún mi.”

Ó wò ó. “Ṣé o wọn àárín kiráńkì sí kámù?”

“Rárá, sà.”

“Kí ló wá dé tó o fi ń bú oníṣéènì?”

Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, láti àárín kiráńkì dé àárín kámù jẹ́ ìǹṣì 4.521, ìyẹn bíi mìlímítà 114.8. Bí wọ́n ṣe tún ilé bẹ́árìn gbẹ́, kiráńkì ti sún gòkè díẹ̀ sún mọ́ kámù. Bíi ìdá mẹ́rin mìlímítà kan ni. Mo ní kí nìyẹn já mọ́. Bàbá mú okùn òwú kan lórí tábìlì mi, ó nà án tantan láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wá mú ọwọ́ kan sún díẹ̀ báyìí, tí mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Ikùn òwú náà wálẹ̀ fìà. Òótọ́ ni, ìdá mẹ́rin mìlímítà láàárín kiráńkì àti kámù máa ń di bíi mìlímítà 5 ní ikùn ṣéènì. Èmi tí mo ti ń fa òwú láti kékeré ni wọ́n wá ń kọ́ ní ẹ̀kọ́ òwú.

Àwọn tó ń ṣe ṣéènì dáadáa mọ̀ pé èyí máa ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ìdì tó kúrú díẹ̀ fún búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ti tún gbẹ́: ọ̀kan wà fún ìdá 0.005 ìǹṣì, òmíràn fún 0.010. Ti 0.010 ló bá tèmi mu. Mo dé e, mo yí kiráńkì díẹ̀díẹ̀, mo sì dúró lẹ́ẹ̀mẹrin nínú yíyí kan láti fi ìka wò ó, torí tí ihò àárín jíà ò bá sí láàárín gẹ́gẹ́, ṣéènì á le níbì kan á sì dẹ̀ níbòmíràn. Ó rí bákan náà yíká. Nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́, tí ìṣíkiri ṣéènì bá ti tó nǹkan bí ìdajì ìǹṣì, àwọn àgbà á ní kí ẹ yọ ọ́ dànù. Tèmi ò dé mìlímítà 3.

Mo tún fẹ́ ra bẹ́árìn abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi sẹ́yìn jíà kámù, kó má bàa máa ha búlọ́ọ̀kù. Bàbá ò fẹ́. Táápẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ lèmi ń lò (táápẹ́ẹ̀tì ni irin tó ń jókòó lórí gọngọ kámúṣáfù, tó sì ń ti ọ̀pá gbọọrọ lọ sí fáàfù), gọngọ ara kámúṣáfù irú ẹ̀ sì dagun díẹ̀, ìdagun yẹn ló ń ti kámù sẹ́yìn, kí jíà lè fara ti búlọ́ọ̀kù pẹ̀lẹ́. Tí ojú ibẹ̀ bá dán tí ọ́ìlì sì ń dé ibẹ̀, á pẹ́ títí. Tí abẹ́rẹ́ kékeré kan bá wá já nínú bẹ́árìn yẹn ńkọ́? Inú páànù ló ń lọ, ibi táwọn eyín wọ̀nyẹn lọ. Èmi náà ti rí ohun tó ń bọ́ sínú páànù, mo pa ẹnu mi mọ́. (Tó bá jẹ́ táápẹ́ẹ̀tì oníróólà lẹ ń lò, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: kámù á fẹ́ máa rìn síwájú, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi nǹkan dá a dúró láti iwájú.)

Jíà kiráńkì tí mo rà ní ojú kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta (kọ́kọ́rọ́ yìí ni irin kékeré tó ń di jíà mú lára kiráńkì), ọ̀kan fún bó ṣe wà, ọ̀kan láti fi kámù síwájú ní dìgíríì 4, ọ̀kan láti dá a sẹ́yìn ní dìgíríì 4. Ojú kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ lára eyín, ẹ ṣọ́ra kí ẹ má lo kọ́kọ́rọ́ yìí pẹ̀lú àmì tọ̀hún. Mo rò pé ohun ìṣeré ni, títí dìgbà tá a fi àwo olójú 360 wọn kámù. Ìwé tó bá kámù wá ní fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé yẹ kó ṣí tán ní dìgíríì 106 lẹ́yìn tí písítìn àkọ́kọ́ bá ti dé òkè. Tiwa jẹ́ 110. A kàn yọ jíà, a lo ojú kọ́kọ́rọ́ kejì, ó bọ́ sí 106. Ká ní a gbára lé àmì nìkan ni, mọ́tò mi ì bá tún ya ọ̀lẹ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ẹ má sì gbára lé ìlà ara púlì láti mọ òkè písítìn. Rọ́bà ló so òrùka ìta rẹ̀ mọ́ àárín, tó bá gbó, òrùka náà á yẹ̀, ìlà á sì máa purọ́. Ohun tí kì í purọ́ ni irin tẹ́ẹ̀ bá fi dá písítìn dúró láti ihò púlọ́ọ̀gì, kí ẹ yí i lọ títí tó fi kàn án, kí ẹ yí i bọ̀ títí tó fi kàn án, kí ẹ mú àárín.

Bóòtù mẹ́ta ló de jíà kámù. Tuntun ni mo fi dè é, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kó tú, 27 newton-mítà. Kò ju ìyẹn lọ. Mo tún lu ihò kan tó rí bí ojú abẹ́rẹ́, mìlímítà 0.75, sára ọ̀kan nínú àwọn irin kékeré tó dí ojú ọ̀nà ọ́ìlì níwájú, kó lè máa tu ọ́ìlì sára ṣéènì, torí nínú ẹ́ńjìnnì yìí ọ́ìlì tó ń ṣàn bọ̀ láti òkè àti èyí tó bá ta sí i ni ṣéènì ń mu. Àwọn kan ní kò pọn dandan. Ó ṣeé ṣe kí òótọ́ wọn pọ̀ ju tèmi lọ. Ẹni tí ejò ti bù jẹ ni mí.

Nígbà tó kù kí n tan ẹ́ńjìnnì, mo yọ dísítíríbútọ̀, mo fi ẹ̀rọ ìlu-ihò yí páǹpù ọ́ìlì títí ọ́ìlì fi yọ lókè. Ìyẹn dára. Mo dá dísítíríbútọ̀ padà, mo dojú rótọ̀ kọ púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́, torí àmì jíà méjèèjì dojú kọra wọn, ti kámù nísàlẹ̀, ti kiráńkì lókè, bí wọ́n ṣe ní kó rí. Mo tan án. Iná ta jáde lẹ́nu kàbùrétọ̀, ó jó ìpéǹpéjú mi ọ̀tún. Mo tún fẹ́ tan án.

“Fi sílẹ̀!” Bàbá pariwo, mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. “Ò ń nu gíríìsì kúrò lára kámù tuntun!”

Tí àmì méjèèjì bá dojú kọra báyẹn, púlọ́ọ̀gì kẹfà ló ń gba iná, kì í ṣe èkíní. Ẹ wo bí iná ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn: 1-8-4-3-6-5-7-2. Ẹ̀kẹfà wà ní ìdajì ọ̀nà gẹ́lẹ́. Mo yọ dísítíríbútọ̀, mo yí rótọ̀ ní ìlàjì, mo dá a padà. Ó gbà lẹ́ẹ̀kan. Kámù tuntun onítáápẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ ò sì fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ máa rọra yí. Yíyí 2000 ní ìṣẹ́jú kan ni mo mú un lọ lójú ẹsẹ̀, mo sì mú un síbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú gbáko, pẹ̀lú ọ́ìlì tí zinc pọ̀ nínú rẹ̀, kí gọngọ àti táápẹ́ẹ̀tì lè mọ ara wọn.

Àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì míì máa ń bi mí pé àwọn ńkọ́. Ti Mini àtijọ́, onílà kan ni ṣéènì tó pọ̀ jù nínú wọn, ẹ sì lè sọ ọ́ di onílà méjì. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ skúrúù méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sí èyí tí orí rẹ̀ rì wọlé, kí ṣéènì má bàa máa fá a. Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle, ò ní ṣéènì rárá, jíà lòun ń lò, ìwọ̀n jíà kámù sì máa ń wà lára rẹ̀ kí ẹ lè yan èyí tó bá búlọ́ọ̀kù yín mu. Ẹni tó ní Datsun onísílíńdà mẹ́fà bíi 240Z, kí ẹ tó yọ orí ẹ́ńjìnnì, ẹ ki igi gbọọrọ bọ àárín ṣéènì kó há dáadáa, torí tí ohun tó ń fà á le bá jáde, gbogbo iwájú lẹ máa tú. Mercedes 380SL tó wọ Amẹ́ríkà láti 1981 sí 1983 ní onílà kan, láti 1984 wọ́n yí i sí onílà méjì, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ti tẹ́lẹ̀ sì ti yí tiwọn. Ibi tí mo ti ń bá gbogbo àwọn tó ní ṣéènì gígùn jà ni pé wọ́n á ra ṣéènì ojúlówó, wọ́n á wá fi ike àtijọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà sílẹ̀ níbẹ̀, ike tó ti gbẹ bí eyín jíà mi. Ike yẹn ló máa kọ́kọ́ ṣẹ́, ṣéènì á sì tẹ̀ lé e.

Mo ti wa mọ́tò náà tó kìlómítà 9,000 báyìí. Lóṣù tó kọjá mo ṣí ìdérí dísítíríbútọ̀, mo yí kiráńkì síwájú, mo dá a padà. Dìgíríì méjì, rótọ̀ mira. Tí mo bá ń da ọ́ìlì nù, mo máa ń fi asẹ́ tí mo fi ń sẹ́ táàṣì gbà á.

Àwọn eyín yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo fọ̀ wọ́n, mo kó wọn sínú agolo kan lórí tábìlì, láàárín àwọn agolo bọ́tìnnì. Lọ́sẹ̀ tó lọ, oníbàárà mi kan tó mú búláòsì wá ki ọwọ́ bọ agolo náà, ó mú ọ̀kan jáde, ó gbé e sójú iná.

“Àǹtí, àwọ̀ yìí ni mo fẹ́. Ṣé ó pé mẹ́fà?”

Mo ní mọ́kànlá ni.